Bọ́ǹbù Kì Í Ṣe Àánú

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànìn láàárín wa nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ìjọba àwọn òyìnbó ní àánú ju tiwa lọ. Wọ́n ní bí olórí burúkú bá ń pa ará ìlú rẹ̀, àwọn òyìnbó ni wọ́n máa ń gbà wọ́n sílẹ̀, pé bọ́ǹbù tí wọ́n bá jù, bọ́ǹbù òmìnira ni. Àwọn mìíràn ní kí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ ogun, pé owó oṣù ni kí á gbájú mọ́.

A kò bá wọn jà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń ta ọjà yìí. Kì í ṣe àwọn alágídí tó ń pariwo ogun nìkan. Àwọn òṣèlú ẹlẹ́nu dídùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n tà jù, àwọn tí òyìnbó ń pè ní líbẹ́rà. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ìjọba tiwa-n-tiwa ni orin wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí olè bá kan ilẹ̀kùn rẹ, ìwọ yóò tì í gbọn-in. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun wá bá ọ wo ọmọ rẹ tó ń ṣàìsàn, ìwọ fúnra rẹ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyí tí amúnisìn fi máa ń rán líbẹ́rà ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ Líbíà, nítorí pé ọwọ́ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì jẹ níbẹ̀ nínú ìyà rẹ̀.

A kò sunkún Gaddafi o. Ọdún 42 ló fi jókòó lórí àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò gbà kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ tó jẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 1996, wọ́n pa ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 1,000 nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Abu Salim ní Tripoli. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ níkà, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde, ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Nígbà tí àwọn ará Benghazi jáde ní oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n ní ẹjọ́ rò. Ẹni tó bá ní apàṣẹwàá ni à ń gbèjà, irọ́ ló ń pa mọ́ wa.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ẹjọ́ àwọn ará Benghazi ṣe? Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìwé ìpinnu 1973. Ìwé náà ní kí wọ́n ṣe ohun gbogbo tó bá yẹ láti dáàbò bo ará ìlú. Orílẹ̀-èdè 10 gbà á, 5 kò dìbò rárá: Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Jámánì, Íńdíà àti Brazil. Áfíríkà ní ìjókòó mẹ́ta: Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Gabon. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nawọ́ sókè. Ẹ ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n lé ìjọba kúrò.

Ọjọ́ kejì ìbò náà kọjá, nígbà tó di ọjọ́ 19, bọ́ǹbù ti ń já. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, Obama, Cameron àti Sarkozy jọ kọ ìwé sínú ìwé ìròyìn pé àwọn kò lè rí ọjọ́ iwájú Líbíà bí Gaddafi bá ṣì wà lórí àlééfà. Kò tíì pé oṣù kan tí iṣẹ́ ìdáàbòbò fi di iṣẹ́ ìgbàjọba. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wa, tó sì yí i padà kí oṣù tó parí, kí ni a máa ń ṣe? A máa ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wa tó fi ọwọ́ sí ìwé yìí kò daṣẹ́ kankan sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ó kéde pé òun ti gba àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ní ìjọba.

Àwọn kan yóò ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, kí bọ́ǹbù kankan tó já, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti gbé ètò kalẹ̀: kí ìbọn dákẹ́, kí oúnjẹ àti oògùn wọlé, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n rán fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Tripoli ní ọjọ́ 20, wọn kò gbà fún wọn, ojú òfurufú ti di ti ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ni wọ́n tó débẹ̀, Gaddafi sì ní òun gbà. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ará Benghazi kọ̀ ọ́, wọ́n ní kò sọ pé kí Gaddafi lọ. A kò dá wọn lẹ́bi jù. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú alágbára mẹ́ta ń bá jagun, kí ni yóò jókòó sọ̀rọ̀ fún?

Ẹ wá wo bí ìjọba tiwa-n-tiwa wọn ti ṣe. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni ilé aṣòfin tó dìbò, ìgbà tí bọ́ǹbù ti ń já fún ọjọ́ méjì. 557 ní bẹ́ẹ̀ ni, 13 péré ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ Labour, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi owó ara wọn dá sílẹ̀, tò sẹ́yìn Cameron. Ní Washington, Obama, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2009, kò gba ìbò ilé aṣòfin kankan. Nígbà tí àwọn aṣòfin béèrè ní oṣù kẹfà, ìjọba rẹ̀ dáhùn pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Líbíà kò tó ohun tí òfin ń pè ní ìjà. Ẹ gbọ́ o! Bọ́ǹbù ń já, ilé ń wó, wọ́n ní kì í ṣe ìjà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ní ìjọba kò yẹ ewu tó wà níwájú ará ìlú wò dáadáa, pé iṣẹ́ ìdáàbòbò sì ti yọ́ di iṣẹ́ ìgbàjọba. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú! Obama náà jẹ́wọ́ lọ́dún kan náà pé àṣìṣe òun tó burú jù bóyá ni pé òun kò múra sílẹ̀ de ọjọ́ kejì ogun. Ẹ kíyè sí i: kò ní àṣìṣe ni ogun náà. Ó ní ogun náà tọ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni kò dára. Èyí ni líbẹ́rà. Bó bá jó ilé rẹ, yóò tọrọ àforíjì pé òun kò gbé omi dání.

Ta ló san owó rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ni. Kí ogun tó dé, Líbíà kún fún bíríkìlà, mẹkáníìkì, agbẹ̀rù àti awakọ̀ láti Nàìjíríà, Gánà, Málì, Niger, Íjíbítì àti Bangladesh. Ó lé ní 700,000 nínú wọn tó sá jáde láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ kò mú ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló burú fún jù. Wọ́n ní ọmọ ogun tí Gaddafi háyà ni gbogbo wọn, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé, wọ́n ń pa wọ́n. Ìlú Tawergha, tí ọmọ Líbíà aláwọ̀ dúdú bí 40,000 ń gbé, wọ́n lé gbogbo wọn jáde, ìlú náà di ahoro. Ìwé ìpinnu 1973 ní kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú. Ará Tawergha kì í ṣe ará ìlú ni?

Ìbọn tó tú síta rìn gba aṣálẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 2012 ó dé àríwá Málì, ìjọba ibẹ̀ wó lulẹ̀ ní oṣù kẹta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo ayé fi ojú rí fídíò bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ adúláwọ̀ ní gbàǹjo ní Líbíà bí ẹran. Ìgbà náà ni ìjọba wa ń sáré gbé ọkọ̀ òfurufú lọ kó àwọn ọmọ wa wálé. Ta ló rántí ọwọ́ tí wọ́n nà sókè ní 2011?

Ó ku èyí tó kan àwa gan-an. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba kan náà tó dìbò yẹn gbé owó jálá epo bẹntiróòlù láti náírà 65 lọ sí 141. Ní ọjọ́ 9, a bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń péjọ ní Ojota lójoojúmọ́, wọ́n ń kọrin, wọn kò mú ìbọn kankan dání. Ní ọjọ́ 16, a jí, a rí ọmọ ogun ní Ojota. Oṣù mẹ́wàá péré ni. Ẹnu tó ní kí wọ́n fi bọ́ǹbù dáàbò bo àwọn tó ń ṣèwọ́de ní Benghazi ni ó rán ọmọ ogun sí àwọn tó ń ṣèwọ́de ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ǹbù wọn jẹ́ ti àánú, ta ni wọ́n rán wá gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Àwọn tó ń sọ fún ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó yọ owó ìrànwọ́ epo, ṣé kì í ṣe ìlú àwọn oníbọ́ǹbù yìí kan náà ni ọ́fíìsì wọn wà?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Niger dé ní oṣù keje ọdún 2023, orin yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún àwọn ológun ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ogun lè dé. Ogun náà kò wáyé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà gé iná mànàmáná wọn, ó sì ti bodè títí di oṣù kẹta ọdún 2024. Ọ̀gá ológun kò fi àtùpà jẹun lálẹ́. Mẹ̀kúnnù ló wà lókùnkùn, awakọ̀ tí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dúró sí bodè ló ń wo ọjà tó ń jẹrà.

A tún fẹ́ bá apá kejì wí. Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bá Amẹ́ríkà jà, ọ̀rẹ́ wa ni. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ ogun kọjá ààlà ẹlòmíràn, amúnisìn ni, èdè yòówù kó máa sọ. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá. Àwa ni koríko. Koríko kì í yan erin.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ogun kò kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ rántí àwọn bàbá wa. Nígbà ogun Hitler, wọ́n ní òmìnira ni wọ́n ń jà fún, wọ́n kó ọmọ wa lọ sí Burma. Nílé, oúnjẹ wọ́n, owó oṣù dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, àwọn ti reluwé wà níwájú. Owó oṣù yín àti ogun, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ má sì rò pé òṣìṣẹ́ kò lágbára. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, nígbà tí Blair ń múra ogun Ìráàkì, àwọn awakọ̀ reluwé méjì ní Motherwell ní Scotland kọ̀ láti wa ọkọ̀ tó kó ohun ìjà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Durban kọ̀ láti já ohun ìjà tó wà nínú ọkọ̀ An Yue Jiang láti Ṣáínà, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba Zimbabwe, ọkọ̀ náà sì ṣíkọ̀ lọ láìjá a. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ogun Ìráàkì àti Afghanistan. Ìbọn kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Òṣìṣẹ́ ló ń rọ ọ́, òṣìṣẹ́ ló ń wà á.

Nítorí náà, a ó gbé nǹkan mẹ́ta wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Èkíní, kí ẹ̀ka wa pinnu pé a kò ní ti ogun kankan lẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ dídùn, ìjọba yòówù kó sọ ọ́. Èkejì, kí á kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ka ti èbúté àti ti awakọ̀, kí á lè jọ mọ ohun tí a ó ṣe bí wọ́n bá tún lu ìlù ogun. Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ wa jù. Àwọn ọmọ tó ti Líbíà dé wà láàárín wa. A mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ nídìí ẹ̀rọ wa, tí ọ̀gá ń san ìdajì owó fún nítorí pé wọn kò ní ìwé, tí àwọn kan nínú wa sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n lọ wá Yúróòpù, wọ́n bá aṣálẹ̀. Ìtìjú ni èyí fún ẹgbẹ́. Ẹ fà wọ́n wọlé, ẹ fún wọn ní káàdì, ẹ jẹ́ kí á jà kí owó wọn bá tiwa dọ́gba. Ibẹ̀ ni ìjà wa pẹ̀lú amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ gbogbo ayé, ọ̀kan ni wá. Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.