Ẹrù Tí Ara Lè Gbé

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ìkòròdú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni arákùnrin tó kọ ọ́. Ó pẹ́ tó ti ń ya àwòrán ọ̀sà fún kàlẹ́ńdà ìjọ rẹ̀. Ní báyìí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó ta kámẹ́rà rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ní bí ó bá ní ìgbàgbọ́, kí ó gbé e kọ́rùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá bi wá pé, ti ta ni kí òun gbọ́?

Ti dókítà ni o. A gbàgbọ́ nínú ìwòsàn, a sì ń gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n a kò rí ibi tí Bíbélì ti ní kí a máa fi ẹrù dán Ọlọ́run wò. Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí kò mọ́ ọn lára (1 Sámúẹ́lì 17), kò sì sí ẹni tó pè é ní aláìgbàgbọ́. Ìyàwó náà jàre pẹ̀lú, lápá kan: kí wọ́n ta kámẹ́rà yẹn, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra èyí tó fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Nikon D850 tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, jẹ́ giráàmù 1,005. Lẹ́ńsì 24-70 f/2.8E tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ giráàmù 1,070. Ó ti lé ní kílò 2, a kò sì tíì ka irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé e lé. Sony a6000, tó jáde ní 2014, jẹ́ giráàmù 344. Lẹ́ńsì kékeré 16-50 rẹ̀ jẹ́ 116. Méjèèjì pọ̀ kò tó ìdajì kílò. Kò ní dígí tó ń gbé ojú sókè sódò nínú bíi ti Nikon yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kí ó tín-ín-rín. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 24 tó wà nínú rẹ̀ tó fún kàlẹ́ńdà ńlá ara ògiri. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, nítorí náà kí ó ra èkejì.

Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ló nílò lẹ́ńsì ńlá tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ọ̀sà kì í sá fúnni. Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà tó lókìkí nínú yíya òkè àti àpáta, lo kámẹ́rà ràgàjì nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ya òṣùpá lókè àpáta Half Dome ní 1960, lẹ́ni ọdún 58, Hasselblad tó kéré jù ú lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó fi sílé. Kí ó rọ ẹ̀wà sínú àpò kékeré (kí ó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó o!), kí ó gbé kámẹ́rà lé e lórí ògiri, kí ó sì lo aago inú rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ọwọ́ má baà mì ín.

Ní oṣù December, kí ó jókòó sí etí omi ní Ìpakodò ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Bí ọyẹ́ bá ti bo òdì kejì, kí ó yíjú sí àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí. Fún Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n fi mọ́tò gbé e gba ọ̀nà Ìtòikín, kí ó sì ya ọ̀sà láti òkè. Sísọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi rọrùn, àbọ̀ ló ń tánni lókun. Kí ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ gbé àga àti omi tẹ̀ lé e. A ń retí kàlẹ́ńdà náà.