Kí Wọ́n Bi Ìyá Ọmọ Léèrè ní Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ilé ẹ̀kọ́ ò wọ́n ní Akọka. Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 ló gba etí ọ̀sà, St. Finbarr's College tí Fadá Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956 wà nítòsí rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì ti wà láti 1967. Láàárín wọn ni ilé ẹ̀kọ́ kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi àdúgbò náà yangàn: Modupe Cole, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtọ́jú tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń bójú tó fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ tàbí ara wọn kò dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù wà níbẹ̀. Àwọn míì wà ní Bariga, ní Ṣómólú, ní Ìlàjẹ, tí wọn ò tíì dé ilé ẹ̀kọ́ kankan, torí pé kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣe ọmọ fún òbí wọn.

Ìdádúró yìí gan-an ló yẹ kó ká Èkó lára. Ní 2017, àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ọmọ ti ń tó bí ọdún 9 kí dókítà tó sọ pé ọ́tísíìmù ni. Kì í ṣe pé àwọn òbí ò fura. Wọ́n ti fura tipẹ́; ó sì pẹ́ láàárín ìgbà tí wọ́n ṣàkíyèsí àti ìgbà tí wọ́n rí èsì gbà. Ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu ọmọ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kọ wọ́n lóminú. Ọmọ ọdún 9 ti yẹ kó máa ṣe praimárì kẹrin.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tó ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà láti kékeré ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn nínú bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bó ṣe ń bá èèyàn ṣeré, àti nínú bí nǹkan kan náà ṣe ń wù ú ṣe léraléra. Ọmọ kan lè má sọ̀rọ̀ títí tó fi dàgbà. Òmíràn á máa sọ̀rọ̀ bí ìwé, á mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ láti Ọ̀yìngbò dé Kétu, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti sú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ariwo máa ń gún lára: jẹnẹrétọ̀ tó bú lójijì, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, fèrè dánfó. Ọmọ tó bá di etí rẹ̀, tó sì ń lọgun nínú ọkọ̀ láti Bariga sí Yábàá, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bà jẹ́. Ohun tó ń gbọ́ ju ohun tí àwọn èrò tó kù ń gbọ́ lọ. Dókítà Leo Kanner kọ́kọ́ kọ nípa irú àwọn ọmọ báyìí ní Amẹ́ríkà ní 1943, ọmọ 11 péré. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, ẹnì 1 nínú èèyàn 127 ló ní in.

Nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ jù ni ọmọlúàbí wa fúnra rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó kọ ìwé àyẹ̀wò ní kí á wò ó bóyá ọmọ ń wo ojú èèyàn. Ọmọ Yorùbá wo la kọ́ pé kó máa wo ojú àgbà? Ọmọ tó bá tẹ orí ba la máa ń yìn. Àmì tí àwọn ará Amẹ́ríkà á kọ́kọ́ rí lè kọjá lójú wa báyìí láìṣe nǹkan kan. Ibòmíràn ni tiwa ti máa ń fara hàn: ọmọ kò kí èèyàn. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, kò dá wọn lóhùn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò yíjú. Dípò kí àwọn ará ilé béèrè bóyá nǹkan ń ṣe é, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, ojú ìyá rẹ̀ ni wọ́n á sì máa wò. Àwọn tí inú wọn dára ńkọ́? Àwọn á ní, "Má jáyà, bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ ìtùnú yìí ti jẹ ọdún méjì, mẹ́ta, lára ọ̀pọ̀ ọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kàn wòlíì àti aláfáà, ààwẹ̀ àti omi ìwẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú ìyá tó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Àwọn tó yẹ ká bá wí ni àwọn tó ń na ọmọ, tí wọ́n ń fi ata sí i lójú, tàbí tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀ pé ẹ̀mí òkùnkùn ló wà lára rẹ̀. Ìwà ọ̀daràn nìyẹn, ó sì yẹ kí ọlọ́pàá mọ̀ sí i.

Èébú tí wọ́n ń bú ìyá kì í ṣe tiwa nìkan. Àwa la ní ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà náà, Bruno Bettelheim kọ odindi ìwé ní 1967 láti fi di ẹ̀bi ru òbí, pàápàá ìyá, pé ìfẹ́ tí wọn ò fún ọmọ ló fà á. Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé irọ́ ni. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ṣàyẹ̀wò ìbejì 21 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ó kéré tán ọ̀kan nínú ọmọ méjèèjì ní ọ́tísíìmù. Nínú ìbejì 11 tó jọra délẹ̀, 4 ni ọmọ méjèèjì ti ní in. Nínú 10 tí kò jọra bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kankan. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wọn, ìyá kan náà ló fún wọn lọ́mú. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá jù. Ó yẹ kí àwa tí a ní ìbejì tó bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Andrew Wakefield, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ní 1998, lórí ọmọ 12 péré, pé abẹ́rẹ́ èéyi lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn Lancet tó gbé e jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà.

Ibi abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí kò ní owó láti rí dókítà ọpọlọ ọmọdé láéláé ti gbé ọmọ dé ilé ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ọmọ náà tó pé ọdún kan àbọ̀: lọ́jọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ní oṣù 9, àti ní oṣù 15 fún abẹ́rẹ́ èéyi kejì. Nọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n, káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi bi í pé: ṣé ọmọ ń yíjú bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ń na ìka sí ohun tó wù ú kí ẹ lè jọ wò ó? Ṣé ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ti dáwọ́ dúró? Diana Robins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 2001. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ní ìbéèrè 20, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, fún ọmọ oṣù 16 sí 30, dókítà kì í sì í sanwó kó tó lò ó. Kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Èkó ní Akọka àti ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà jókòó, kí wọ́n kọ tiwa ní Yorùbá tí ìyá tó ń ta ẹja ní Bariga máa gbọ́ délẹ̀, kí wọ́n fi ìbéèrè nípa kíkí èèyàn sí i. Ọmọ tó bá ti kọjá ọjọ́ abẹ́rẹ́, kí wọ́n béèrè nígbà tó bá wá gba fítámì A ní ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ.

Àwọn kan á sọ pé kí ni àǹfààní ìbéèrè bí kò bá sí ibi tí wọ́n á gbé ọmọ lọ. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ò pọ̀, ó sì wọ́n. Dotun Akande, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ló dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ lóore, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan sí ọmọ kan tàbí méjì kì í ṣe iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, ìyá tó bá mọ̀ ní ọdún kejì lè máa fi àwòrán bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé, ó lè dín ariwo kù, ó lè dẹ́kun lílu ọmọ fún ohun tí kì í ṣe oríkunkun. Kò sí èyí tó nílò owó ńlá níbẹ̀.

Òfin ti wà nílẹ̀. Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, buwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Èkó ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù, tí gbogbo èèyàn gbọ́ ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ìlà ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, torí ọmọ ń di àgbà. Èèyàn yọ̀ ní oṣù kẹrin 2025 nígbà tí wọ́n ṣí àwòrán Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ọ́tísíìmù, ní Àbújá, àwòrán tó ju mítà onígun mẹ́rin 12,000 lọ, tó sì wọ ìwé Guinness. Ó yẹ ká yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní gba àmì ẹ̀yẹ kankan, tó kàn lè máa to ọjà sórí pẹpẹ láìṣìṣe, nílò iṣẹ́ ju ìyìn lọ. Bi òbí èyíkéyìí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ohun tó ń jí i lóru ni ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí òun bá kú.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti Bariga lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ìwé pélébé kan lédè Yorùbá, ọjọ́ díẹ̀ láti fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àti àdírẹ́sì méjì lẹ́yìn ìwé náà: ẹ̀ka ọmọdé ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, àti ibi ìtọ́jú ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ní Oshòdì.