Ìbúgbàù Bódìjà: Ohun Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Ṣe É Kì Í Ṣe Àdììtú

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024, ariwo ńlá kan dún ní Bódìjà Àtijọ́ n'Ìbàdàn. Òrùlé ṣí, fèrèsé fọ́, ilẹ̀ sì mì tìtì. Kì í ṣe Bódìjà nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó dé etí àwọn tó ń gbé ní àdúgbò tó jìnnà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì sá jáde sí gbangba láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Kí ìjọba tó sọ ohunkóhun, àlàyé ti kún ẹnu àwọn ará ìlú. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló mì. Àwọn kan ní àwọn agbésùmọ̀mí ló ju àdó olóró. Àwọn mìíràn sì ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán.

Ní òru ọjọ́ náà ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tó wà ní Dejo Oyelese Close, àti pé ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀ ló bú. Ènìyàn méjì ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó kú, àwọn 77 sì farapa. Iye òkú lé sí i nígbà tó yá.

Ìkéde yẹn dáhùn ìbéèrè kan: ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà ronú kí ìkéde náà tó jáde, àti ohun tó yẹ kí wọ́n máa béèrè lẹ́yìn rẹ̀, tó ohun tí ó yẹ kí gbogbo ìlú yẹ̀ wò, nítorí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wáyé ní àdúgbò mìíràn lọ́la.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn tó ní ilẹ̀ ló mì ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìmọ ilẹ̀ mímì. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó ilé ní Àkírà, ní ilẹ̀ Gánà, ní ọdún 1939, dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ilẹ̀ tún mì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn ní ọdún 1984, ó sì tún mì ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ní ọdún 2009. Àwọn tó tọ́jọ́ lórí lè rántí méjì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá mì kì í yan ojúlé kan ṣoṣo láti bà jẹ́. Ní Bódìjà, kòtò ńlá gbẹ́ sí ojú kan, ilé tó sún mọ́ kòtò náà ló wó jùlọ, bí ilé bá sì ṣe jìnnà sí i tó ni ìbàjẹ́ rẹ̀ ṣe ń dínkù. Kòtò yẹn jẹ́rìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó ni kí a wo ilẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, bí àrá bá sán pa ènìyàn tàbí tó ba ilé jẹ́, àwọn adósù Ṣàngó a wá síbẹ̀, wọn a sì wá ẹdùn àrá nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì tíì dé ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò tẹ̀lé àṣà, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ̀lé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Àríyànjiyàn kan tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè là wá lóye lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àlìkámà ní Hampshire àti Wiltshire ti ń jí láàárọ̀ tí wọ́n ń rí àmì roboto ńlá nínú oko wọn, tí ohun ọ̀gbìn yóò dùbúlẹ̀ síbi kan náà bí ẹni tó fi ọwọ́ tẹ́ ẹní. Àwọn kan ní ẹ̀dá láti ayé mìíràn ló sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Terence Meaden, ẹni tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́, ní irú ìjì kan ni, ohun tí Yorùbá ìbá pè ní ààjà. Ìwé jáde lórí rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò sì ń wọ́ lọ wò ó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991 ni àwọn àgbà ọkùnrin méjì láti Southampton, Doug Bower àti Dave Chorley, jáde sọ fún ìwé ìròyìn Today pé àwọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé pákó àti okùn làwọn fi ń ṣe é ní òru. Wọ́n ṣe òmíràn lójú àwọn oníròyìn, Pat Delgado, ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, wò ó, ó sì ní ènìyàn kò lè ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ òtítọ́ fún un, ó gbà pé wọ́n ti tan òun jẹ.

Ènìyàn ìbá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Àwọn tó gbà pé ohun àràmàǹdà ni ní àgbà méjì kò lè ṣe gbogbo àmì tó wà káàkiri. Nígbà tí àmì kan tó ní òbìrí 409 jáde ní Milk Hill, ní Wiltshire, ní ọdún 2001, wọ́n ní ta ni ó lè ṣe èyí ní òru kan? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí gbogbo ẹni tó ṣe àmì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà. "A kò mọ ẹni tó ṣe é" àti "kì í ṣe ènìyàn ló ṣe é" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí olè bá jí ewúrẹ́ tí a kò rí i mú, kò sọ ewúrẹ́ di ẹyẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àṣìṣe yìí ń ná wọn kò ju ọkà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀mí ni ó ń ná wa. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró inú bárékè àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í bú n'Íkẹjà, ọ̀pọ̀ ará Èkó kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ogun tàbí ìdìtẹ̀gbàjọba ló dé. Wọ́n sá nínú òkùnkùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sì kó sínú odò Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iná kò kàn rárá. Bí ìròyìn tó péye bá ti tètè dé etí wọn, púpọ̀ nínú wọn ìbá padà sílé.

Ewu kejì wà lódìkejì rẹ̀. Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ di ẹ̀rí nílé ẹjọ́ yóò ṣi ẹni tí kò ṣẹ̀ pa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn èrò dáná sun àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n fi oògùn gba nǹkan ọmọkùnrin lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ìwádìí, kò sí dókítà tó yẹ ẹnikẹ́ni wò kí wọ́n tó gbé táyà wá. Nítorí náà, bí kò ṣe yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ àràmàǹdà bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìbínú yan ọ̀daràn fún ara wa. Ìwádìí ló wà láàárín méjèèjì.

Ìwádìí ti Bódìjà kò gbọdọ̀ dúró lórí pé "awakùsà ni". Ohun abúgbàù kì í hù nílẹ̀ bí olú. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe é, ẹnìkan ló tà á, ẹnìkan rà á, ọkọ̀ kan gbé e kọjá lójú ọ̀nà tí àwọn agbófinró dúró sí, ẹnìkan sì gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn tó kó o pamọ́. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ohun abúgbàù àti kùsà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin ilẹ̀ lílò ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ó rọrùn fún àwọn tó wà l'Ábújá láti wo ìjọba ìpínlẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì wo Àbújá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àwọn tó kú á di ọ̀rọ̀ ìtàn, àwọn tó pàdánù ilé á sì máa wá ẹni tí wọn yóò bi léèrè.

Bódìjà Àtijọ́ kì í ṣe àdúgbò tí ènìyàn lè fura sí. Ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló dá a sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ọgbà tirẹ̀, ògiri ga, géètì sì ń wà ní títì. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn láti fi ohun olóró pamọ́ síbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: àwọn onílé ní Bódìjà, Agbowó, Ring Road àti Challenge ní ẹ̀tọ́ láti mọ iṣẹ́ tí ẹni tó háyà ilé wọn ń ṣe, àwọn ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti bi ìjọba ìbílẹ̀ léèrè bí ọkọ̀ ẹrù bá ń wọ ojúlé kan lóru.

Iṣẹ́ àwọn aláṣẹ ju èyí lọ. Ohun tí ará ìlú ń retí lọ́wọ́ wọn ni àkọsílẹ̀ ìwádìí tí gbogbo ènìyàn lè kà, tí yóò sọ ibi tí ohun abúgbàù náà ti wá, ẹni tó gbà á láàyè, àti ẹni tó yẹ kó jẹ́jọ́. Àìsí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé ọlọ́pàá di àdììtú lọ́jà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá: bí ìlú bá ń jiyàn lórí ohun àìrí, tí ẹni tó kó ohun abúgbàù wọlé sì ń rìn ní ìgboro, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn.