Orin Kì Í Ṣe Epo Rọ̀bì

Òfin epo rọ̀bì ọdún 1969 ló sọ gbogbo epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ àti lábẹ́ omi Nàìjíríà di ti ìjọba àpapọ̀. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Láti etí òkun ni wọ́n ti ń wo iná gáàsì tó ń jó lókèèrè lóru, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú wọn ló ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba. Epo wà níwájú ilé, ìwé rẹ̀ wà ní Àbújá. Ẹni tó ni ìwé ló sì ni owó.

Òfin ti orin yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ Igbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ bá gba orin tó fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ náà gan-an ni orin ti di tirẹ̀. Kò ní láti kọ̀wé sí mínísítà kankan. Òfin iṣẹ́ ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 dáàbò bo orin náà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Kò sì sí ẹni tó lè gba ẹ̀tọ́ yẹn pátápátá lọ́wọ́ rẹ̀ àfi nípasẹ̀ ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ń buwọ́ lu ìwé náà láìkà á, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí àwọn ní tó ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló so kọ́ra nínú òwò híípù-hóòpù tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe: DJ, pùrodúsà àti olórin rápù. Owó wọn ò sì dọ́gba. DJ ló kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ní Bronx ní New York, ọmọ Jàmáíkà kan tí wọ́n ń pè ní Kool Herc gbé ẹ̀rọ orin rẹ̀ kalẹ̀ níbi àríyá tí arábìnrin rẹ̀ Cindy ṣètò kó lè rówó ra aṣọ ilé-ìwé. Sẹ́ǹtì 25 ni obìnrin ń san lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin ń san 50. Àríyá yẹn ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ híípù-hóòpù sí. Títí dòní, owó DJ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí owó ẹnu ọ̀nà yẹn: bí wọ́n bá pè é, ó jẹun, bí wọn ò bá pè é, ó di ọjọ́ mìíràn. DJ tó bá ronú jinlẹ̀ á wá orin tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí DJ Jimmy Jatt ṣe nìyẹn ní 2007, nígbà tó kó àwọn olórin jọ sínú àwo tó fi orúkọ ara rẹ̀ gbé jáde, The Industry.

Pùrodúsà ló ń ṣe bíìtì. Nígbà púpọ̀, owó tí wọ́n kà sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni gbogbo ohun tó máa rí. Orin á gbilẹ̀, wọ́n á máa lù ú níbi ìgbéyàwó láti Òkìtìpupa dé London, ẹni tó ṣe bíìtì ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó dá orin náà, ó sì yẹ kó ní ìpín níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí orin bá ń dún. Olórin rápù ni gbogbo ayé mọ̀ lójú. Òun náà ló sì rọrùn jù lọ láti tàn jẹ, nítorí lójú ẹni tí kò tíì rí owó rí, òkìkí àti owó máa ń jọra.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, kó kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí ní ìlú omi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń wọnú máíìkì. Nítorí náà, wọ́n á tan án kí bátìrì kọ̀ǹpútà lè kún, wọ́n á wá pa á. Wọ́n á ti fèrèsé pẹ̀lú ooru, wọ́n á ta bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri kí ohùn má baà máa dún padà, wọ́n á sì sáré gba ohùn sílẹ̀ kí bátìrì tó kú. Bí ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì bá kọjá lẹ́yìn ilé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lítà bẹntiróòlù tí iye rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti wà ní bíi ₦1,000 nígbà tí 2024 fi ń parí. Kí orin kan tó jáde, ó ti jẹ owó.

Àwọn apẹja Ìlàjẹ mọ ọ̀rọ̀ ìpín dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ti òkun dé, wọ́n á yọ owó epo, ẹni tó ni ọkọ̀ àti àwọ̀n á gba tirẹ̀, àwọn tó wa ọkọ̀ á pín ìyókù. Ìjà kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, torí pé gbogbo wọn ti mọ ìpín wọn kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Nínú orin, ìgbà tí ẹja bá ti dé ọjà tán ni àwọn ọmọ wa máa ń béèrè ẹni tó ni àwọ̀n.

Ẹni tó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ní àwọ̀n, kó wo Bàrígà ní Èkó, níbi tí àdúgbò kan ti ń jẹ́ Ìlàjẹ títí dòní. Ní Bàrígà ni wọ́n ti bí Ọlámidé ní 1989. ID Cabasa, pùrodúsà tó ṣe bíìtì "Gongo Aso" fún 9ice ní 2008, ló gbà á sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Coded Tunes, níbi tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, ti jáde ní 2011. Nígbà tó di 2012, Ọlámidé dá YBNL Nation sílẹ̀. Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ yẹn tóbi ju orin kankan tó tíì kọ lọ. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lábẹ́ òrùlé kan: Ọlámidé ń kọ rápù, Pheelz ń ṣe bíìtì, DJ Enimoney, àbúrò Ọlámidé, ń gbé orin náà lọ sóde àríyá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Empire ti San Francisco wá bá wọn ní 2020, ilé-iṣẹ́ ló bá pàdé, kì í ṣe ọmọ tó ń wá olùrànlọ́wọ́ kiri, wọ́n sì jọ dòwò pọ̀. Fireboy DML àti Asake jáde láti inú ilé náà. Pheelz pẹ̀lú kò dúró sẹ́yìn bíìtì: ní 2022, òun àti BNXN kọ "Finesse", ó sì di olórin tí ayé mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní Amẹ́ríkà náà, Dr. Dre ti Los Angeles ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ̀: ó ṣe DJ, ó ṣe pùrodúsà, ó sì kọ rápù. Ní 1996, ó kúrò ní Death Row, ilé-iṣẹ́ tí òun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ Aftermath láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2014, Apple ra Beats, ilé-iṣẹ́ tí òun àti Jimmy Iovine dá sílẹ̀, ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Orin ló mú orúkọ wá, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló mú owó ńlá náà wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní owó ti pọ̀ nínú orin báyìí. Spotify sọ pé àwọn olórin Nàìjíríà gba ju ₦58 bílíọ̀nù lọ láti ọ̀dọ̀ òun ní 2024, ó ju ìlọ́po méjì ti 2023 lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ owó yẹn ti ń wá. Dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó ti lé ní ₦1,500 kí 2024 tó parí. Apá tó pọ̀ nínú ìlọ́po yẹn, náírà tó wálẹ̀ ló mú un wá. Ọmọ tí ìpín rẹ̀ bá wà nínú orin á jẹ àǹfààní dọ́là yẹn lọ́dọọdún. Ọmọ tó ta bíìtì rẹ̀ ní náírà ní 2022, tó sì gbà pé ó ti parí, ti ná owó náà tán kí ọjà tó wọ́n.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìpín sílẹ̀ kò ju ojú ìwé kan lọ. Orúkọ orin, orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tó ṣe bíìtì, ìdá tí oníkálùkù ní nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́, ìbuwọ́lù. Kí wọ́n kọ ọ́ kí orin tó kúrò ní sítúdíò, nígbà tí ọ̀rẹ́ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá pe àwọn onílù bírípo wá lu ìlù sínú orin náà, kí orúkọ àwọn bàbá wọ̀nyẹn wọ ìwé pẹ̀lú, nítorí ìlù Ìlàjẹ ni ọjà tí ọmọ Èkó kò ní. Kí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti máa gba owó orin fún àwọn tó ni ín.

Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò lójú gbogbo wa, ẹja ò sì pọ̀ bí i ti àtijọ́. Àwọn ọmọ etíkun nílò owó tí omi kò lè gbé lọ. OSOPADEC, tí ìjọba Oǹdó dá sílẹ̀ láti fi owó epo tún àgbègbè náà ṣe, lè kọ́ sítúdíò oníná oòrùn kan sí Igbókọ̀dá, kí ó sì fi lọ́yà kan síbẹ̀ tí yóò máa ka ìwé àdéhùn fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Iye rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí à ń fi ṣe àwọn nǹkan tí kò wúlò.

Kí àwọn ọ̀dọ́ náà má sì jókòó dè é. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, àwọn ará ìlú pa owó wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ti tan iná mànàmáná láti 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà ṣì wà lókùnkùn. Bí DJ kan, pùrodúsà kan àti olórin rápù kan bá pa owó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ra sólà, tí wọ́n san owó lọ́yà, tí wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ yẹn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí.