Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, eré àtijọ́ àti àwọn ọmọ Malu Road

Ẹni tó bá mọ Malu Road dáadáa mọ̀ pé ayé méjì ló fẹnu kora níbẹ̀. Apapa wà lápá kan, pẹ̀lú èbúté tí ẹrù gbogbo àgbáyé ń gbà wọlé. Ajegunle wà lápá kejì, AJ City, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo, Ìlàjẹ àti Haúsá ti lè jọ máa gbé nínú ilé kan náà. Ẹrù tó ń gba èbúté yẹn wọlé pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀.

Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn elétò Basel Convention tó wà n'Ibadan ṣe ní èbúté Èkó lọ́dún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò àlòkù tó ń lo iná ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n dán díẹ̀ wò nínú wọn, ó kéré tán, mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Èyí tó ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó di ọjà. Ọ̀dọ́ kan á tu owó jọ, á ra láàpútọ́ọ̀pù, á sì fẹ́ fi gémù tó ń lọ lóde sí i. Kọ̀ǹpútà á kọ̀ jálẹ̀. Baldur's Gate 3 tó jáde lọ́dún 2023, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, 150GB ni àyè tó ń béèrè. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mìíràn wà tí gbogbo ikùn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n á ní pańtí ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹ gbọ́ ná. Eré tó bá kọ̀ǹpútà yẹn mu ti wà nílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé, ó sì sàn ju ọ̀pọ̀ èyí tó ń jáde báyìí lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní RPG ni mò ń sọ. Ẹ kò ní gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ẹ kò sì ní sá eré mọ́tò. Ènìyàn kan ni ẹ máa dà nínú ìtàn. Ẹ máa yan irú ẹni tó jẹ́: ṣé alágbára ni, ṣé ọlọ́gbọ́n ni, ṣé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rìnrìn àjò, ẹ máa bá àwọn èèyàn pàdé, ẹ máa ka ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ̀yin náà á sì yan èsì tí ẹ fẹ́ fọ̀. Ohun tí ẹ bá yàn lónìí, ẹ lè máà jèrè rẹ̀ títí di ọjọ́ iwájú nínú ìtàn náà.

Ẹ wo Fallout, tó jáde lọ́dún 1997. Ogun bọ́ǹbù ti ba ayé jẹ́, àwọn kan sì ti sá wọ abẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ohun kékeré tó ń bá wọn sọ omi di mímu bàjẹ́. Wọ́n ní kí ẹ jáde lọ wá òmíràn, 150 ọjọ́ péré ni wọ́n sì fún yín. Ọmọ Ajegunle tó ti sáré lé mẹ́ruwà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìtàn yẹn fún un. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn nìyí: ẹ lè fi ìbọn la ọ̀nà, ẹ sì lè fi ẹnu là á. Ọ̀gá àwọn ọ̀tá pàápàá, bí ẹ bá ti wá ẹ̀rí tó múná dóko, ẹ lè fi yé e pé ètò rẹ̀ ò lè yọrí sí rere, òun fúnra rẹ̀ á sì fòpin sí ohun gbogbo láìjẹ́ pé ẹ yin ọta kan. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀dá ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ gidi ò ní jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn á sì tì mọ́ ọn lójú.

Ẹ tún wo Ultima IV, tí Richard Garriott ṣe lọ́dún 1985. Kò sí ọ̀tá ńlá kan tí ẹ máa pa kí eré tó parí. Ohun tí eré náà ń béèrè ni kí ẹ di ènìyàn rere, ìwà mẹ́jọ ló sì kà sílẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣèwà hù: òtítọ́, àánú, ìgboyà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn afọ́jú kan wà níbẹ̀ tó ń ta èròjà oògùn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ka owó fún wọn. Bí ẹ bá rẹ́ wọn jẹ, wọn ò ní mọ̀, wọ́n á tiẹ̀ tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n eré náà mọ̀, yóò sì dín òtítọ́ yín kù láìsọ fún yín. Ṣebí àwọn bàbá ńlá wa náà máa ń pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, wọ́n á to òkúta tì í láti fi sọ iye rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá mú ọjà á fi owó síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àfi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ọmọlúàbí ni àwa ń pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ilé gémù wa. Ẹ wọ ọ̀pọ̀ ilé gémù tó wà ládùúgbò, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò burú. Ibi tí Taribo West àti Odion Ighalo ti jáde wá, ẹnìkan ò lè ní kí wọ́n má gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí gémù bá tán, ẹni tó jẹ àti ẹni tí wọ́n jẹ nìkan ló máa ń kù, nígbà mìíràn pẹ̀lú owó tí wọ́n fi ta á. Kò sí ohun púpọ̀ láti jọ rò.

Àríyànjiyàn lẹ́yìn eré ni ìdajì adùn RPG àtijọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, kò sí YouTube tí ẹnikẹ́ni máa sá lọ. Ẹni tó bá há sí ibì kan ní láti bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè. “Kí lo sọ fún ọba yẹn? Kí ló dé tí o fi fi olè yẹn sílẹ̀? Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.” Èèyàn méjì á ta eré kan náà, ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á mú bọ̀, oníkálukú á sì ní láti gbèjà ohun tó yàn. Ní àdúgbò tí ẹ̀yà tó pọ̀ tó báyìí ti ń gbé pọ̀, níbi tí ìjà ti lè bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, kí ọ̀dọ́ mọ bí a ṣe ń fi ẹnu jà láìgbé ìgò dání, ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun òyìnbó ni. Baldur's Gate àkọ́kọ́, tí iléeṣẹ́ BioWare ní Kánádà ṣe lọ́dún 1998, ẹni mẹ́fà ló máa ń kó rìn pọ̀: jagunjagun, tafàtafà, olórin, ọlọ́gbọ́n. Wọ́n lè máa bá ara wọn jà lójú ọ̀nà pàápàá. Ní ọgọ́ta ọdún géérégé ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1938, D. O. Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ta ni ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó? Àkàrà-Ògùn àti ẹni mẹ́fà. Kàkò ló ní kùmọ̀, Èfòìyẹ̀ ló ń ta ọfà, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ló ń kọrin, Ìmọ̀dòye ló ní ọgbọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Àwọn òbí á ní, “Ebi ń pa wá, ẹ ń sọ gémù.” Òótọ́ ni, gémù kò ní se iyán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti wà nílé gémù tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nídìí tẹ́tẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa. Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ìwé kíkà ni. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́! Ọmọ tó ń sá fún ìwé ojú ewé mẹ́wàá á ka ọgọ́rùn-ún láìmọ̀, torí ó fẹ́ mọ ẹni tó jí ẹrù. Kí ẹnìkan máa kà á sókè, kí ẹlòmíràn máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Pidgin, kí gbogbo ilé sì dìbò lórí èsì tí wọ́n máa fọ̀.

Ti owó ńkọ́? Ẹ ò nílò CD ayédèrú. Bethesda fi Arena tó ṣe lọ́dún 1994 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2004, ó sì fi Daggerfall ti 1996 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2009. GOG, iléeṣẹ́ àwọn ará Poland, ti ń tún àwọn eré àtijọ́ ṣe láti 2008 kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ná dátà láti wà á sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ kó lọ sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ni ilé gémù láti Boundary títí dé Apapa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ṣoṣo sọ́tọ̀. Ẹ fi Daggerfall tàbí Fallout sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó yí i ká. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan.

Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Kí kọ̀ǹpútà tó gba eré yìí, orí tábìlì ni wọ́n ti ń ta á. Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde lọ́dún 1974, tí Baldur's Gate ti gba òfin rẹ̀, bébà, bírò àti dáìsì ló ń lò. Ta ni kò ní dáìsì lúdò n'Ajegunle? Kí ẹnìkan di olùsọ̀tàn, kí àwọn yòókù di Kàkò àti Ìmọ̀dòye, kí Igbó Irúnmalẹ̀ sì ṣí. Ẹ lè fi Yorùbá ta á, kò sí olùkọ́ tó máa nà yín.

Ibẹ̀ ni tiwa á ti bẹ̀rẹ̀. Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù ti gbé Aurion jáde lọ́dún 2016, RPG tí wọ́n fi ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà hun. Àwọn tó ṣe é, wọ́n ti ta eré àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ti jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n sì ti rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ Malu Road tó ń jiyàn lónìí lórí bóyá ó yẹ kéèyàn rẹ́ afọ́jú jẹ lè jẹ́ ẹni tó máa kọ tiwa lọ́la. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fún un láyè láti jiyàn.