Ọwọ́ Ta Ni Owó Ìyàwó Wà?

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ẹ̀ka wa pé kí ni eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá lé, mẹ́sàn-án á ní ìfẹ́ ni. Ọmọkùnrin rí ọmọbìnrin, àgbàlagbà kan dínà, ẹnìkan pa ara dà, àṣírí tú, ìgbéyàwó dé, wọ́n fa aṣọ ìkélé. Èsì yẹn tó gba máàkì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó fo ohun tó gbé eré náà ró: owó. Ẹni tí owó ọmọbìnrin bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí yóò fẹ́.

Ẹ wo The Way of the World tí William Congreve gbé jáde ní ọdún 1700. Mirabell àti Millamant fẹ́ràn ara wọn. Kí ló wá dá wọn dúró? Ìdajì ogún Millamant, pọ́n-ùn 6,000, kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ àfi bí àǹtí rẹ̀, Lady Wishfort, bá fọwọ́ sí ọkọ tó yàn. Mirabell sì ti ṣẹ àǹtí yìí, torí ó ti díbọ́n rí pé òun gan-an ni òun ń fẹ́!

A máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí Millamant ti ń ka àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀: òun yóò máa sùn pẹ́ láàárọ̀ bó bá wu òun, ọkọ kò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó kọ lẹ́tà sí òun, kó sì máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ìgbà náà, bí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, ọ̀pọ̀ ohun ìní rẹ̀ di ti ọkọ. Ó di ọdún 1882 kí òfin tó gbà pé kí gbogbo aya nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa dá ohun ìní tirẹ̀ ní. Millamant ń sọ tẹnu rẹ̀ kó tó pẹ́ jù ni. Kódà, kì í ṣe ìfẹ́ ló yanjú eré náà. Nígbà tí Fainall fẹ́ gba gbogbo ohun ìní ìyàwó rẹ̀, ìwé kan jáde látinú àpótí: obìnrin náà ti fi í sábẹ́ àbójútó Mirabell kó tó fẹ́ Fainall rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni She Stoops to Conquer ti Oliver Goldsmith, ọdún 1773. Gbogbo wa rántí Marlow tó fi ilé onílé ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Ta ló rántí Constance? Àǹtí rẹ̀ ti ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ mọ́lé, kó lè fẹ́ Tony ọmọ òun. Nígbà tí Constance béèrè wọn, ó purọ́ pé wọ́n ti sọnù, láìmọ̀ pé Tony ti jí wọn kó lóòótọ́.

Ní ọdún 1895, nínú The Importance of Being Earnest ti Oscar Wilde, Lady Bracknell ti ń lọ kó tó gbọ́ pé Cecily ní pọ́n-ùn 130,000. Ló bá padà jókòó. Lójijì, ọmọ náà di arẹwà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní eré ẹ̀rín ni, kí n má sọ ọ́ di kíláàsì òfin. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi rín. Ẹni tí kò mọ iye tí owó Cecily jẹ́ nígbà náà kò lè rẹ́rìn-ín Lady Bracknell dénú. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ gé eré kúrú fún ìtàgé, ọ̀rọ̀ ogún àti ìwé àdéhùn ni a kọ́kọ́ ń yọ, a ó wá ṣẹ́ ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ darí eré ní sáà tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ìdánwò, kí ẹ tó kọ ọ́ pé ìgbéyàwó ló parí rẹ̀, inú gbogbo èèyàn sì dùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ọwọ́ ta ni owó ìyàwó wà.