Onígìtá Tí Ó Ní Ẹ̀rọ Láyà
Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn tí ń wí pé kí onígìtá tí a fi ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù déédéé sí lábẹ́ awọ àyà kọ orin sílẹ̀. Ní 1958, ní Solna ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ni a kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí ara ènìyàn. Arne Larsson ni ẹni náà. A pààrọ̀ ẹ̀rọ náà fún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì wà láàyè títí di 2001.

Lóòótọ́, òòfà ń bẹ nínú gìtá oníná àti nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì lè da ẹ̀rọ ọkàn láàmú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jìnnà sí àyà tó íǹṣì 6, ó kéré tán, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Wáyà tí ara rẹ̀ ti bó ni kí a bẹ̀rù jù. Ní Apakun, ní Òṣòdì, bí a bá fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe àríyá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ wáyà wò.

Kí onígìtá fi ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀ ṣe àmúlò. Bí òòyì bá kọ́ ọ, kí ó tètè sún kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ìṣọ́ra ni kí a kọ́ ọ. Kí a má ṣe gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀.